Claudia Jones: Obìnrin tí Amẹ́ríkà lé jáde, tó wá gbé kánífà kalẹ̀ nílùú London

Tí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ lọ́dọọdún, kò sí bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé nílùú London kò ṣe ní gbọ́ orúkọ Notting Hill. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni kánífà ńlá náà máa ń wáyé ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Wọ́n máa ń ka èrò tó ń wá síbẹ̀ ní ju mílíọ̀nù kan lọ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Àwọn kan á wọ aṣọ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe, àwọn kan á máa lu páànù irin lórí ọkọ̀ ẹlẹ́rù, àwọn kan á to sípíkà gogoro sí ẹ̀gbẹ́ títì, èéfín adìẹ yíyan á sì gba gbogbo àdúgbò kan.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilé wá kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Tí a bá rí àwọn tó dé ìbòjú, a máa ń fi wọ́n wé eégún. Àwọn tó bá jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó láàárín wa máa ń sọ pé ó jọ kánífà àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà. A ó jó, a ó jẹun, a ó ya fọ́tò, a ó sì wá ọkọ̀ ojú irin lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lẹ́yìn ayẹyẹ yìí tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde nínú ọ̀rọ̀ wa. Claudia Jones ni. Ó jẹ́ oníròyìn, ó jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, ó ṣẹ̀wọ̀n, ìjọba orílẹ̀-èdè kan lé e jáde, ìlú tí wọ́n ti bí i sì kọ̀ láti gbà á padà. Àìsàn ló ń bá fínra ní gbogbo àkókò tó fi ń ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀. Ìgbésí ayé rẹ̀ la gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe torí ijó nìkan ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ kánífà nílùú London.

Ọmọ Belmont

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní àdúgbò Belmont nílùú Port of Spain, olú ìlú Trinidad. Claudia Vera Cumberbatch ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso erékùṣù náà nígbà yẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣàkóso Nàìjíríà.

Belmont kì í ṣe ibi tó jìnnà sí ilẹ̀ wa tó bí a ṣe lè rò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni wọ́n kó lọ sí Trinidad, àwọn kan nínú wọn sì tẹ̀dó sí Belmont. Àwọn ará Dahomey ní agboolé tiwọn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rada. Yorùbá náà pọ̀ ní erékùṣù náà. Yaraba ni wọ́n ń pè wọ́n, ìsìn Ṣàngó àti àwọn òrìṣà mìíràn tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ kò sì tíì parẹ́ títí dòní.

Erékùṣù yìí ni kánífà ti gbilẹ̀. Àwọn Faransé tó ní oko ìrèké ló gbé e dé ibẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n máa ń dé ìbòjú jó nínú ilé wọn kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹrú kò sì ní àyè níbẹ̀. Nígbà tí ìdáǹdè pátápátá dé ní ọdún 1838, àwọn tó ti jẹ́ ẹrú gbé ayẹyẹ náà bọ́ sí ìgboro pẹ̀lú ìlù, orin àti iná òtùfù.

Kò dùn mọ́ ìjọba nínú. Ní ọdún 1881, ọlọ́pàá àti àwọn aṣeré kọlu ara wọn ní òpópónà Port of Spain, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba fi òfin de ìlù lílù. Àwọn èèyàn náà wá ń gé ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀ kó lè dún bí ìlù. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sí orí agolo bisikíìtì àti dúrọ́ọ̀mù epo, ibẹ̀ sì ni ìlù páànù irin tí à ń gbọ́ ní Notting Hill ti wáyé ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1949. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé nínú ìtàn Claudia.

Owó kòkó já wálẹ̀

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ olóko kòkó láti Oǹdó tàbí Iléṣà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé nígbà tí owó kòkó bá já wálẹ̀. Ohun tó lé ìdílé Cumberbatch kúrò ní Trinidad nìyẹn. Nígbà tí ọjà kòkó dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òbí Claudia kó lọ sí New York ní ọdún 1922. Ní oṣù Kejì ọdún 1924, Claudia, àwọn arábìnrin rẹ̀ àti àǹtí wọn lọ bá wọn níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Harlem ni wọ́n ń gbé, ìyà kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni àìsàn ti dá a wólẹ̀ lójijì tó sì kú. Ẹni ọdún 37 péré ni. Bàbá nìkan ló kù láti tọ́ àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dá owó tó bá gbogbo Amẹ́ríkà láti ọdún 1929 kò jẹ́ kí iṣẹ́ wà.

Claudia mọ ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ gíríámà, kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, nítorí kò sí owó aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1932 tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ikọ́ ife ti mú un. Inú ilé tó tutù, tí omi ń sun lára ògiri rẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Ó lo nǹkan bí ọdún kan ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, àmọ́ ìlera rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ láéláé.

Ó ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fìlà obìnrin. Irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì nísinsìnyí ni.

Ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì

Ohun tó sún un dé ìdí òṣèlú ni ẹjọ́ àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án tí wọ́n mú ní Scottsboro, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 1931. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fipá bá àwọn obìnrin funfun méjì lò nínú ọkọ̀ ojú irin. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn. Irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì wà lára àwọn tó dìde gbèjà wọn, Claudia sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọdún 1936, ó dara pọ̀ mọ́ ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà.

Kò pẹ́ tó fi di òǹkọ̀wé àti olóòtú nínú ìwé ìròyìn wọn. Àsìkò yìí ló mú orúkọ Jones, láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní ọdún 1949, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń kà ní yunifásítì títí di òní. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé ẹrù mẹ́ta ló wà lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú lẹ́ẹ̀kan náà: àwọ̀ rẹ̀, jíjẹ́ obìnrin rẹ̀, àti jíjẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ tó bá fojú fo ọ̀rọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣetán láti jà fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ló ń bá wí.

Ó ti bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, wọn kò fún un. Nígbà tí ìbẹ̀rù Kọ́múníìsì wá gba ìlú kan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àìní ìwé yìí ni ìjọba fi mú un. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e ní ọdún 1948. Wọ́n tún gbé e ní ọdún 1950, wọ́n sì tún gbé e pẹ̀lú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1951. Ní ọdún 1953, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan fún un. Ohun tó kọ àti ohun tó sọ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ó jalè tàbí pé ó lu èèyàn.

Oṣù Kìíní ọdún 1955 ló wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin tó wà ní Alderson, ní West Virginia. Àìsàn ọkàn ti wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ó ti lo ọdún 31 ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti sìnkú ìyá rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, àwọn èèyàn bíi 350 péjọ sí Hotel Theresa ní Harlem láti kí i pé ó dàbọ̀.

Ibo ló máa lọ?

Ẹni tó bá ti dúró lórí ìlà ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lára. Trinidad ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n gómìnà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi síbẹ̀ kò fẹ́ kó padà wá, nítorí ó lè dá wàhálà sílẹ̀. Torí pé ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni, London ló gbà á. Inú òtútù oṣù Kejìlá ọdún 1955 ló gúnlẹ̀. Kò ní ilé, kò ní iṣẹ́, ara rẹ̀ kò sì le.

Àwọn ará Caribbean ti ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ yanturu láti ọdún 1948. Àwọn ni wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, tí wọ́n bá lọ wá yàrá, onílé á ti kọ ọ́ sí ojú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó rí yàrá ń san owó gọbọi lórí ilé tó ti ń jẹrà.

Claudia rí i pé àwọn èèyàn yìí kò ní ìwé ìròyìn tiwọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1958, ó dá West Indian Gazette sílẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní nọ́mbà 250, Brixton Road. Owó kì í tó. Àwọn tó ń bá a kọ ìròyìn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn, Donald Hinds, kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì ni.

Ẹni kan tó dúró ti Claudia nígbà náà ni Amy Ashwood Garvey, ìyàwó àkọ́kọ́ tí Marcus Garvey fẹ́. Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ màmá yìí díẹ̀, nítorí òun ló so ìtàn yìí mọ́ tiwa. Ní ọdún 1924, òun àti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó wá kọ́ òfin ní London, ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ náà fi oyè Ìyálóde dá a lọ́lá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ṣólàńkẹ́ àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ní ọdún 1924 náà ló ran Claudia lọ́wọ́ ní ọdún 1958.

Òkúta àti iná ní Notting Hill

Ìwé ìròyìn náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wàhálà fi dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1958, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Nottingham. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti dé Notting Hill ní London. Nígbà yẹn, Notting Hill kì í ṣe àdúgbò olówó bíi ti òní. Tálákà ló ń gbé ibẹ̀, dúdú àti funfun. Àwọn ọ̀dọ́ funfun ń rìn káàkiri lálẹ́ pẹ̀lú irin àti ọ̀bẹ, wọ́n ń lu ẹni dúdú tí wọ́n bá rí, wọ́n ń ju òkúta àti ìgò oníná sínú ilé àwọn ará Caribbean. Ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ kó tó rọlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Caribbean náà dìde dúró láti gbèjà ara wọn.

Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin-mẹ́rin fún àwọn ọ̀dọ́ funfun mẹ́sàn-án. Àwọn mìíràn, títí kan àwọn dúdú tí ọlọ́pàá mú, ní owó ìtanràn láti san. Ẹ̀rù wá ń ba àwọn èèyàn láti jáde lálẹ́. Àwọn kan ti ń wo ọ̀nà ilé.

Lẹ́tà ìhàlẹ̀ dé ọ́fíìsì Gazette lórúkọ Ku Klux Klan. Oswald Mosley, tó ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà Hitler láti ìgbà pípẹ́, wá dupò aṣòfin ní àdúgbò náà ní ọdún 1959 kó lè fi ìbínú àwọn èèyàn wọlé. Ó fìdí rẹmi.

Ọgbọ́n tí Claudia dá

Ohun tí àwọn èèyàn lè retí lọ́wọ́ olóṣèlú bíi ti Claudia ni ìwọ́de. Ó ṣe ìwọ́de púpọ̀ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wàhálà yìí, òun àti àwọn tó yí i ká pinnu pé kánífà ni àwọn yóò ṣe.

Ẹ rántí ìtàn ìlù tí ìjọba fi òfin dè ní Trinidad. Claudia mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé kánífà ni àwọn baba ńlá òun fi sọ fún ìjọba pé ìgboro jẹ́ tiwọn náà. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú yàrá rẹ̀ lè má wá síbi ìpàdé òṣèlú, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ ìlù ìlú rẹ̀, yóò jáde.

Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1959 ni wọ́n ṣe é, ní St Pancras Town Hall. Camden Town Hall ni wọ́n ń pè é báyìí, nítòsí King's Cross. Àsìkò yẹn súnmọ́ ìgbà tí wọ́n máa ń ṣe kánífà ní Trinidad. Àmọ́ oòrùn ló ń ràn ní Trinidad nígbà náà, òtútù ló sì wà ní London, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é nínú gbọ̀ngàn. Edric Connor, ọmọ Trinidad tó jẹ́ olórin àti òṣèré, ló darí eré. Mighty Terror kọ orin kàlípúsò, ẹgbẹ́ oníjó Boscoe Holder jó, Cleo Laine kọ orin jáàsì. Wọ́n lu páànù irin, wọ́n sì yan ọbabìnrin kánífà. Ní àkókò tí ìwé ìròyìn ń fi hàn pé obìnrin funfun nìkan ló lẹ́wà, obìnrin dúdú ni wọ́n gbé adé fún. Iléeṣẹ́ BBC fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ owó kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lọ sí Notting Hill mọ̀. Wọ́n tẹ ìwé ètò fún ọjọ́ náà, wọ́n tà á. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé apá kan owó rẹ̀ yóò lọ sí sísan owó ìtanràn àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ Notting Hill kàn, àwọn dúdú àti àwọn funfun. Òun tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ló ń wá owó ìtanràn fún ọmọ funfun pẹ̀lú. Ẹ̀yà kọ́ ló ń bá jà. Ìyà àti ìwà ìkà tó ń lo àwọn ọ̀dọ́ tálákà méjèèjì ló ń bá jà.

Kánífà náà kò lé ìkórìíra lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ funfun gún Kelso Cochrane pa ní Notting Hill. Ọmọ Antigua ni, káfíńtà ni. Ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ títí dòní. Èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló sìn ín dé ibojì. Claudia àti Amy Ashwood Garvey wà lára àwọn tó kó èèyàn jọ, tí wọ́n sì ké gbàjarè sí ìjọba.

Lọ́dọọdún títí tó fi kú, wọ́n ṣe kánífà náà nínú gbọ̀ngàn, bíi Seymour Hall àti Lyceum. Ó tún ń bá iṣẹ́ yòókù lọ. Ó kọ ọ̀rọ̀, ó sì ṣètò ìwọ́de lòdì sí òfin ọdún 1962 tó dín àǹfààní àwọn ará ilẹ̀ Commonwealth kù láti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìran òfin yẹn ni à ń bá yí títí dòní, àwa tí à ń san owó físà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Martin Luther King kó èrò lọ sí Washington, Claudia wà lára àwọn tó ṣe ìwọ́de ìṣọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní London. Ó lọ sí Soviet ní ọdún 1962, ó sì lọ sí Japan àti China ní ọdún 1964.

Òun nìkan nínú yàrá

Ọkàn tó ti ń dà á láàmú láti ọdún pípẹ́ ló gbẹ̀mí rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1964, tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ Kérésìmesì, ló kú nínú yàrá rẹ̀ ní London. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni ọdún 49 ni. Obìnrin tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jọ kí wọ́n má bàa dá nìkan wà ní ìlú àjèjì, ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n tó bá òkú rẹ̀.

Ìsìnkú rẹ̀ wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 1965. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Paul Robeson, olórin Amẹ́ríkà náà, níbẹ̀. Eérú rẹ̀ wà ní ibojì Highgate, ní apá òsì ibojì Karl Marx. Gazette kò lè dúró láìsí i. Kí ọdún 1965 tó parí, ó ti kógbá sílé.

Ta ló ni kánífà?

Ó yẹ ká sọ òtítọ́ níbí, nítorí àríyànjiyàn wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Claudia kò fi ojú rẹ̀ rí kánífà kankan lójú títì Notting Hill. Ẹni tó ṣe ti ojú títì ni Rhaune Laslett, òṣìṣẹ́ adúgbò tí wọ́n bí ní London. Ní ọdún 1966, ó ṣe ọdún kan fún àwọn ọmọdé Notting Hill láti gbogbo ẹ̀yà. Ó pe Russell Henderson, ọmọ Trinidad, kó wá lu páànù irin. Henderson àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ìlù kọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn èrò sì tẹ̀ lé wọn. Láti ọdún 1973, Leslie Palmer, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Trinidad, ló mú un gbòòrò. Ó kó àwọn onísípíkà wọlé, ó sì pe àwọn ará erékùṣù yòókù mọ́ Trinidad.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ka ọdún kánífà láti 1966, tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ní 2016. Àwọn mìíràn ní láti 1959 ló yẹ kí wọ́n ti máa kà á. Ní tiwa, a rò pé ẹnikẹ́ni kò ní láti pàdánù nínú ẹjọ́ yìí. Laslett ṣí ojú títì, Palmer mú un tóbi. Ṣùgbọ́n Claudia ló kọ́kọ́ fi yé àwọn èèyàn pé kánífà lè jẹ́ ìdáhùn sí òkúta. Ọdún méje ṣáájú ti Laslett ló ti kó àwọn ará Caribbean jọ ní London láti jó ní gbangba lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ lé wọn lọ.

Orílẹ̀-èdè tó gbà á ti ń rántí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2008, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Royal Mail gbé àwòrán rẹ̀ sí orí sítáǹbù. Ní ọdún 2023, àjọ English Heritage fi àmì aláwọ̀ búlúù sára ilé kan tó gbé ní Vauxhall, ní gúúsù London.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n gbé kánífà kúrò lójú títì lọ sínú pápá kan, nítorí ariwo, ìwà ọ̀daràn àti owó ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ó sì yẹ kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn Trinidad àti ìtàn Claudia yóò mọ ìdí tí àwọn oní kánífà kò fi ń fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú títì yẹn ni wọ́n ti ń lé àwọn èèyàn wọn ká ní ọdún 1958.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ ní Notting Hill lọ́dún yìí, ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú omi dání, ẹ má sì fi fóònù sí àpò ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ní àyè ní ọjọ́ mìíràn, ẹ gba Highgate lọ. Òkúta Karl Marx tóbi, ẹ kò ní ṣì í mọ̀. Ti Claudia kéré, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì.